Ọmọ ọlọ́mọ kún pálọ̀ yín: kí lòfin sọ nípa lẹ́sìnnì abẹ́lé?

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí kan ilé púpọ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn kì í sábàá jókòó rò ó. Bẹ́ ẹ bá gba Mọlípa, tàbí Ìgbẹ̀bà, tàbí Ìmọ̀wò kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé nínú pálọ̀ onípálọ̀. Wọ́n ń ka ìṣirò lákàtúnkà, wọ́n ń pe ABD, tíṣà sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sára pátákó kékeré tó gbé ti ògiri. Lẹ́sìnnì ni wọ́n ń pè é. Kò sí pátákó orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, kò sí yunifọ́ọ̀mù. Ọmọ mẹ́jọ, ọmọ mẹ́wàá, nígbà mìíràn ogún, gbogbo wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì àti ẹní.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, ṣé òfin gbà á? Ṣé ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba ni? Bí ọmọ bá fara pa níbẹ̀ ńkọ́? Bí lánlọ́ọ̀dù bá ní kí wọ́n palẹ̀ kíláàsì wọn mọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lónìí, torí pé ẹni tó bá dé iwájú adájọ́ tó ní òun ò mọ̀ pé òfin wà, adájọ́ ò ní torí ìyẹn ní kó máa lọ ilé.

Kì í ṣòní, kì í ṣàná ni irú kíláàsì yìí ti wà nílùú wa. Ẹ rántí Ijebu-Ode Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1913. Ẹni Ọ̀wọ̀ Israel Oludotun Ransome-Kuti ṣe ọ̀gá níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1932 tí wọ́n padà sí Abẹ́òkúta. Ìyàwó wọn, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Abo Kìnnìún Lísàbí nígbà tí wọ́n kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti ja ìjà owó orí, bá ọkọ wọn gbé n'Íjẹ̀bú-Òde nígbà náà. Ní 1928 ni ìyá yìí dá kíláàsì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ọjọ́ orí wọn ò tíì tó ilé-ìwé. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ rárá ní Nàìjíríà lásìkò yẹn. Torí náà, ẹni tó bá ní olè tàbí ọ̀lẹ ló ń kọ́ ọmọ nínú ilé kò mọ ìtàn ìlú ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó pọ̀ tó báyìí náà ò ṣókùnkùn sí wa. Ilé-ìwé ti parí láago méjì, ìyá ṣì wà lọ́jà Òkè-Àje, bàbá ò tíì tibi iṣẹ́ dé. Ta ni yóò wo ọmọ? Àwọn tíṣà pẹ̀lú, owó oṣù wọn ò tó ra oúnjẹ dé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlú wa ò ṣaláìní tíṣà, ṣebí Ìjagun níbí ni yunifásítì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi orúkọ Tai Solarin pè wà. Nígbà tí kòrónà wá ti gbogbo ilé-ìwé pa lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ òbí tí kò gba lẹ́sìnnì gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíṣà kiri. Látìgbà náà, ó ti di bára kú.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú òfin. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ́ ọmọ. Ìjà ńlá kan ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀, Èkó ni wọ́n sì ti jà á. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 1980, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà, kọ ìwé síta pé tó bá fi máa di ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, kò ní sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kankan mọ́. Jakande fẹ́ kí gbogbo ọmọ, tolówó tòtòṣì, jọ máa lọ sílé-ìwé ọ̀fẹ́, èèyàn ò sì lè bú u fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Olubunmi Okogie ti ìjọ Àgùdà àtàwọn kan gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn adájọ́ wo abala 36 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1979, níbi tó ti sọ pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ọ̀nà tó lè máa fi tan ìmọ̀ àti èrò kálẹ̀. Wọ́n ní ilé-ìwé wà lára irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, pé ìjọba ò lè kàn jí lọ́jọ́ kan kó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ní ilé-ìwé mọ́.

Ọdún 1983 ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tún dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Basil Ukaegbu àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Imo jọ du ọ̀rọ̀ yunifásítì aládàáni. Ibi kan náà ni wọ́n já sí: èèyàn lásán lè dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí ṣì wà nínú òfin 1999 tá à ń lò lónìí, abala 39 ló wà. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ pé òfin gba ẹni tó fẹ́ dá yunifásítì sílẹ̀, kò lè lé ìyá tó ń kọ́ ọmọ mẹ́fà ní ìṣirò nínú pálọ̀ ẹ̀. Ìmọ̀ làwọn méjèèjì ń tàn kálẹ̀.

Àmọ́ ẹ má tíì jó o. Òfin 1999 yìí kan náà, ní abala 45, sọ pé ìjọba lè ṣe òfin tó máa dín irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kù, bó bá jẹ́ nítorí ààbò ìlú, ìlera, ìwà ọmọlúàbí tàbí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíì ni. Ibi tí gbogbo ìlànà tá a fẹ́ kà yìí ti ń wọlé nìyẹn. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn náà lẹ́tọ̀ọ́ tiẹ̀, aládùúgbò yín sì ní tiẹ̀.

Ibi tó ti ń dà rú mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín lẹ́sìnnì àti ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyá kan, ká máa pè é ní Ìyá Tíṣà. Ọmọ mẹ́rin ló fi bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, aládùúgbò kan bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi mú àbúrò ẹ̀ mọ́ ọn láàárọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta ni, mo fẹ́ sáré débi iṣẹ́." Ìyá Tíṣà ò lè kọ̀. Ẹlòmíì rí i, òun náà mú tiẹ̀ wá. Kó tó di ọdún kan, ọmọ mẹ́tàlélógún ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n ti rán aṣọ aláwọ̀ ewé fún wọn, Ìyá Tíṣà ti ń kọ ìwé èsì ìdánwò, àwọn òbí kan sì ti yọ ọmọ wọn kúrò nílé-ìwé ìjọba torí pé "ti Ìyá Tíṣà dáa jù". Ẹnikẹ́ni ò pinnu pé òun fẹ́ dá ilé-ìwé sílẹ̀, àmọ́ ilé-ìwé ti dé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, òfin ò ní wo orúkọ tí Ìyá Tíṣà ń pè é. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ló máa wò. Láti 1985 ni òfin kẹrìndínlógún ti ìjọba ológun, èyí tó ń sọ nípa ìwọ̀n tí ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ dé kó tó lè ṣíṣẹ́, ti wà nílẹ̀. Ó kan ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ó kan alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó kan girama. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún àwọn aládàáni níwèé àṣẹ. Tiwa ní Ògùn wà l'Ábẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn elétò ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n wà n'Íjẹ̀bú-Òde níbí. Wọ́n máa wo ilé, wọ́n máa wo ilé ìyàgbẹ́, wọ́n máa béèrè irú tíṣà tẹ́ ẹ ní.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti kọjá ààlà? Ẹ wo nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni àsìkò: ṣé àárọ̀ tó yẹ kí ọmọ wà nílé-ìwé lẹ fi ń kọ́ ọ ni? Ìkejì, ṣé ọmọ náà ní ilé-ìwé mìíràn tó ń lọ, àbí ọ̀dọ̀ yín nìkan ló ń gba ẹ̀kọ́? Ìkẹta, ṣé ẹ ń fún wọn níwèé èsì, tẹ́ ẹ sì ń gbé wọn láti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn? Ìkẹrin, ṣé ẹ ní yunifọ́ọ̀mù tàbí pátákó tó pe ara ẹ̀ ní ilé-ìwé? Bí ìdáhùn méjì péré bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ tètè lọ wá ìwé àṣẹ, tàbí kẹ́ ẹ padà sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Ilé kéú tí ọmọ ń lọ lẹ́yìn ilé-ìwé, tàbí kíláàsì ọ̀sán Sátidé, ìyẹn yàtọ̀, torí pé kò gba ipò ilé-ìwé ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má rò pé Ìyá Tíṣà nìkan ni òfin ń wò. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé gbogbo òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ òun lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, kó sì parí ẹ̀. Òbí tó bá kọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, ìbáwí ni. Ìgbà kejì, owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún méjì náírà (₦2,000) tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Tó bá tún ṣe é, ₦5,000 tàbí oṣù méjì, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ máa ní ẹgbẹ̀rún méjì ò tó nǹkan. Lóòótọ́ ni, owó náà ò níyì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n oṣù kan ò tíì di yẹpẹrẹ o. Ìyẹn ló fi yẹ kí òbí tó bá fẹ́ yọ ọmọ ẹ̀ nílé-ìwé lọ sí ilé Ìyá Tíṣà kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀.

Òfin UBE yìí tún sọ nǹkan kan tó dùn mọ́ mi. Ó ní ẹni tó bá gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ tó yẹ kó kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ nílé-ìwé ìjọba lè san ₦10,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Tíṣà ìjọba tó ń kọ́ ọmọ láàbọ̀ ní kíláàsì kó lè fipá mú un wá sí lẹ́sìnnì nílé ẹ̀, kí tọ̀hún rò ó dáadáa. Lẹ́sìnnì tí òbí fẹ́ yàtọ̀ sí lẹ́sìnnì tí wọ́n fi dẹ́rù bà á.

Ó kan ilé fúnra ẹ̀. Bó bá jẹ́ ayálégbé lẹ jẹ́, ẹ lọ tú ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ bọwọ́ lù. Inú ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ ti máa rí i pé fún gbígbé nìkan ni wọ́n fi ilé náà háyà yín. Bẹ́ ẹ bá kó ogún ọmọ síbẹ̀ láì sọ fún lánlọ́ọ̀dù, ẹ ti fún un lẹ́jọ́ tó lè bá yín rò. Ẹ lọ bá a, kẹ́ ẹ ṣàlàyé iye ọmọ àti àsìkò fún un, kẹ́ ẹ sì gba ìyọ̀ǹda ẹ̀ sínú ìwé. Bàbá onílé tó rẹ́rìn-ín sí yín lónìí lè kú lọ́la kí ọmọ ẹ̀ gbajọba, ìwé nìkan ni yóò sì sọ̀rọ̀ fún yín. Ẹni tó sì ni ilé fúnra ẹ̀, tó bá fẹ́ sọ ilé gbígbé di ilé-ìwé pátápátá, ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda àwọn ìjọba tó ń ṣètò ìlú, àwọn tá a mọ̀ sí "town planning". Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí fún ilé gbígbé kò bo ilé-ìwé.

Ẹlòmíì á ní ìwà ìjọba tó fẹ́ gbowó ni. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Ìta Fàájì, l'Érékùṣù Èkó. Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, 2019, ilé kan wó lulẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú kíláàsì lókè. Ogún èèyàn ló bá a lọ, ọmọdé sì wà nínú wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé òkú tán ni àwọn aláṣẹ wá ń sọ pé ilé gbígbé ni wọ́n kọ ilé náà fún, pé kò yẹ kí ilé-ìwé wà níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó bá ń lọ fi ọmọ sílẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ gbójú sókè wo ògiri. Bí ẹ bá rí i tó ti ń là, ẹ mú ọmọ yín kúrò. Igi gánganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Nílé ilẹ̀ pàápàá, ewu wà. Kànga pọ̀ nínú ọgbà wa n'Íjẹ̀bú, òmíràn ò ní ju páànù tó ti dípẹtà tí wọ́n fi bò ó. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í bẹ̀rù kànga. Ẹ fi ìdérí tó ní àgádágodo sí i. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, torí èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn láìpariwo. Ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ọ̀nà àbájáde yín kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan tí ìdáná wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ sínú ilé ẹ̀ ti gba ẹrù ìtọ́jú ẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ náà nítorí àìbìkítà, òbí ẹ̀ lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ kó gba owó gbà-má-bínú. "Ọwọ́ Ọlọ́run ni" kì í ṣe ìdáhùn tí adájọ́ máa ń kọ sílẹ̀.

Aládùúgbò náà ńkọ́? Ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ tó fẹ́ sùn lọ́sàn-án, tí àwọn ọmọ ń pariwo lójú fèrèsé ẹ̀ lójoojúmọ́, òfin fún un láyè láti ní kí wọ́n dá ariwo dúró. Ó sàn kẹ́ ẹ lọ kí i ṣáájú, kẹ́ ẹ sọ aago tí ẹ máa parí fún un. N'Íjẹ̀bú wa níbí, ìkíni kan máa ń paná ẹjọ́ mẹ́wàá.

Ó wá kan èyí tó gbẹgẹ́ jù, ìyẹn ara ọmọ. Ẹ̀gba ni ká kọ́kọ́ sọ. Òfin ìwà ọ̀daràn tá a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, abala 295, sọ pé òbí lè bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún wí, pé ó sì lè fa àṣẹ yẹn lé ẹni tó fi ọmọ tì lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ tíṣà, tàbí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, òfin gbà pé òbí ti fún un láṣẹ yẹn, àfi tí òbí bá sọ ọ́ kedere pé òun ò fún un. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: bẹ́ ẹ bá dákẹ́, wọ́n lè ní ẹ ti fọwọ́ sí i. Àmọ́ òfin yẹn kan náà ní ìbáwí náà ò gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ọjọ́ orí àti agbára ọmọ lọ, àti pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ na ọmọ tó kéré débi pé kò mọ ohun tí wọ́n ń nà án sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé dé. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tiwọn ní 2003, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tiẹ̀ ní 2006. Òfin yìí ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe ọmọ léṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ tàbí kó bú u débi tí ọkàn ẹ̀ máa gbọgbẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí tíṣà lẹ́sìnnì gbé pàṣán ẹ̀ jù sẹ́yìn ilé. Ọmọ tó bá ṣàìgbọràn, ẹ pe òbí ẹ̀. Owó tẹ́ ẹ ń gbà ò tó kẹ́ ẹ fi dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ tún má rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ ilé. Kì í ṣe torí ká fọ abọ́ àti ká pọn omi ni ìyá ẹ̀ ṣe san owó.

Èyí tó burú jù lọ ni ẹni tó bá fọwọ́ ìṣekúṣe kan ọmọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Kò lè ní ọmọ náà gbà, kò sì lè ní òun rò pé ó ti dàgbà. Ọmọdé níbí sì ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ní 2017, Ìpínlẹ̀ Ògùn tún fi òfin tó ta ko ìwà ipá kún un. Mi ò sọ pé gbogbo tíṣà ni èèyàn burúkú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Ọlọ́run fi ṣe ìyá àti bàbá kejì fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kíláàsì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, kì í ṣe nínú yàrá. Àgbàlagbà kejì gbọ́dọ̀ wà nílé. Ọmọ kan ṣoṣo ò gbọ́dọ̀ kù sẹ́yìn pẹ̀lú tíṣà kan ṣoṣo lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ. Ìlànà yìí ń dáàbò bo tíṣà rere náà, torí kò ní sí ẹni tó máa lè purọ́ mọ́ ọn. Bí nǹkan bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí kó yín jọ kí wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó tán sílé. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà ò gbọ́dọ̀ kọjá wa. Ìlú tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń gbé inú ilé kan náà ni tiwa. Abala 38 nínú òfin 1999 sọ pé níbi ẹ̀kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tiẹ̀, tàbí èyí tí òbí ẹ̀ ò fọwọ́ sí. Bí ẹ bá máa gbàdúrà bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí ná.

Ká tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ orúkọ àti owó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ yín gan-an lẹ fi ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sí wàhálà. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá fún un ní orúkọ bíi "Ìmọ́lẹ̀ Lẹ́sìnnì", òwò ti dé, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn CAC gẹ́gẹ́ bí òfin iléeṣẹ́ ti 2020 ṣe sọ. Ẹni tó bá ń pe ara ẹ̀ ní olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́, òfin kọkànlélọ́gbọ̀n ti 1993 tó dá TRCN sílẹ̀ ní kó lọ forúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ti owó orí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2025, tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ní wọn ò ní gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí wọ́n bu owó orí lé lọ́dún. Àmọ́ ẹ ra ìwé kan, kẹ́ ẹ máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sínú ẹ̀. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ ni wọ́n máa ń fojú díwọ̀n owó fún.

Fọ́tò ńkọ́? Tíṣà á ya ọmọ ẹni, á gbé e sórí WhatsApp pé "àwọn ọmọ mi ọlọ́gbọ́n". Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti 2023 ò gbà kí èèyàn máa lo àkọsílẹ̀ nípa ọmọdé bó ṣe wù ú, ó ní kó gba ìyọ̀ǹda òbí. Tíṣà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé e síta. Ẹ kò mọ ẹni tó ń wo orúkọ ọmọ àti aṣọ ilé-ìwé ẹ̀ níbẹ̀.

Nínú gbogbo èyí tá a ti sọ, bí ẹ bá gbàgbé èyí tó kù, ẹ má gbàgbé ìwé àdéhùn. Ojú ìwé kan ṣoṣo tó. Kí orúkọ òbí àti fóònù méjì wà níbẹ̀. Kí àsìkò ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí wà níbẹ̀, pẹ̀lú owó àti ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó lè wá mú ọmọ lọ sílé, kí tíṣà má sì fa ọmọ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kódà kó jẹ́ pé "ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀" lẹni náà pe ara ẹ̀. Kí wọ́n kọ àìsàn ọmọ sí i, bíi ikọ́ efée, wárápá, tàbí oúnjẹ tí kò bá a lára mu. Kí wọ́n kọ ọ́ kedere pé òbí ò fọwọ́ sí ẹgba. Kí wọ́n kọ ọsibítù tí wọ́n máa gbé e lọ bí ó bá fara pa, àti ẹni tó máa sanwó. Lẹ́yìn náà, kí àwọn méjèèjì bọwọ́ lù ú, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ní, "Ṣé èmi àti Ìyá Tíṣà la fẹ́ máa kọ̀wé síra wa ni?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọ̀rẹ́ tó bá kọ̀wé síra wọn ló máa ń pẹ́.

Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn, a kí yín. Ọmọ tá ò kọ́ ni yóò gbé ilé tá a kọ́ tà, ẹ̀yin lẹ sì wà lára àwọn tí kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Òfin ò ní kẹ́ ẹ má kọ́ ọmọ wa mọ́. Ohun tó ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ dá a padà fún wa láàbọ̀ ara nígbà tí aago mẹ́fà bá lù. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má máa fi ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ sì gun ọ̀kadà lọ. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wọlé, ẹ wo kànga, ẹ wo ilẹ̀kùn, ẹ wo ojú ẹni tó ń kọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì bi ọmọ léèrè bó ṣe rí. Bó bá lọ́ra kó tó dáhùn, ẹ má kánjú bínú sí i. Ẹ jókòó tì í títí tó fi máa sọ̀rọ̀.

Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa.